Àgbò Tó Ní Itan Ọ̀tún Mẹ́rin

Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ fún mi ná. Láti ìgbà tí a ti jẹun àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ yín nínú pálọ̀ yìí tí ẹ ń ṣírò Iléyá. Ẹ ti yọ àwọn ará Ìfọ̀ kúrò, ẹ ti yọ àwọn ará Àtàn kúrò. Ẹ ní ìrẹsì ti gbówó lórí, ẹ ní tòmátò ò ṣeé wò lójú. Ẹ wá fẹnu kò pé lọ́dún yìí a ò ní pe ẹnikẹ́ni, ká ti géètì, ká jẹ ẹran wa, ká kó ìyókù sínú fíríjì. Mọríámọ̀, ìwọ lo dá a sílẹ̀, má wò mí báyẹn. Tàófíìkì, níbo lò ń lọ? O fẹ́ lọ fún àgbò lómi? Jókòó jàre. Àgbò yẹn ti jẹ, ó sì ti mu. Jókòó kí n sọ bí a ṣe ń ṣọdún láìlówó lọ́wọ́ fún ọ.

Ọ̀tà tí mo wọ̀ nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó kì í ṣe Ọ̀tà tí ẹ mọ̀ yìí. Ayé òyìnbó ni. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lọ́dọ̀ àwọn kọ́ńpìnnì ní Sàngó, tí ilẹ̀ fi ń gbọ̀n títí dé Ilo-Awela níbí, kò sí nǹkan tó jọ ọ́. Oko ẹ̀gẹ́ àti igbó ọ̀pẹ ló kún gbogbo ibẹ̀. Ìró ìgbálẹ̀ ló ń jí wa láàárọ̀. Ìgbálẹ̀ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohùn tirẹ̀. Ìyá ọkọ mi lè wà lórí ẹní kó ní, "Ìyàwó ilé kápẹ́ńtà ò tíì jí lónìí." Lóòótọ́, tí ẹ bá yọjú, ẹ ó rí i pé àgbàlá kápẹ́ńtà kún fún ewé. Kò sí ògiri láàárín ilé sí ilé, kò sí géètì. Ẹ̀yìn ilé ìdáná yìí ni ẹ̀yìn ilé ìdáná tọ̀hún, adìẹ wa ń yé ẹyin sílé ẹlòmíì, a sì ń lọ mú un láìjà.

Ìrẹsì tí ẹ ń jẹ láàárọ̀ tí ẹ tún ń yínmú sí lálẹ́, ọjọ́ ọdún nìkan là ń rí i. Tó bá ń hó nílé kan, òórùn rẹ̀ á ti ròyìn fún gbogbo àdúgbò. Ọmọ tó bá jẹ ìrẹsì kì í nu ẹnu. Á fi hóró kan sílẹ̀ létí ẹnu, á wá gba iwájú ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo rántí ọmọ kan tó fi hóró ìrẹsì kan náà rìn títí adìẹ fi ṣa á jẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó sunkún títí ìyá rẹ̀ fi rò pé adìẹ fọ́ ọ lójú.

Bíríkìlà ni bàbá àgbà yín, ọkọ mi. Obì ni ìyá rẹ̀ ń tà, Ìyá Olóbì ni gbogbo Ọ̀tà ń pè é. Obìnrin gíga ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ohunkóhun bàjẹ́. Nígbà náà, ìyàwó tuntun kì í ní ààrò. Orí ààrò ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò ti máa dáná, lójú ìyá ọkọ, títí ìyá náà á fi gbà pé ó tó ẹni tí ń bọ́ ilé. Ọjọ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀ fún un, ìyàwó á sì di obìnrin láàárín àwọn obìnrin.

Ààrò yẹn ni mo fẹ́ láyé mi. Mo fẹ́ ẹ ju aṣọ lọ, mo fẹ́ ẹ ju wúrà lọ. Tí mo bá se ọbẹ̀, Ìyá Olóbì á ki ṣíbí bọ̀ ọ́, á tọ́ ọ wò, á wá gbójú sókè bí ẹni tó ń wò bóyá òjò máa rọ̀. Kò ní bú mi. Á kàn nawọ́ sí iyọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìbá sàn kó bú mi. Àwọn tí a jọ wọlé ọkọ lásìkò kan náà ti ní tiwọn, tí a bá pàdé lódò, ohun tí wọ́n ń sọ ò ju "lórí ààrò mi," "níwájú ààrò mi" lọ. Èmi á tẹ orí ba, mà á máa pọnmi mi.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, nǹkan ò rọgbọ. Òjò tètè dé, kò sì lọ mọ́, kò sẹ́ni tó ń mọlé, bàbá àgbà yín kàn ń fọ ṣíbí ìkọ́lé rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Kòkòrò tún jẹ obì ìyá rẹ̀. Ọjọ́ kan ni Ìyá Olóbì pè mí. Ó ní, "Ìyàwó, oúnjẹ Iléyá ọdún yìí, ọwọ́ rẹ ló wà. Akọ̀wé ń bọ̀ láti Èkó." Àbúrò ọkọ mi ni Akọ̀wé. Ó ní orúkọ o, ṣùgbọ́n ìyàwó ò gbọdọ̀ pe àwọn tó bá nílé lórúkọ, iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fi sọ ọ́ lórúkọ. "Kí àlejò yó, kí ilé yó, ká má sì jẹ gbèsè. Tó o bá ṣe é, o ríbẹ̀ yẹn?" Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. "Ibẹ̀ ni ààrò rẹ máa wà. Tó ò bá ṣe é, èmi pẹ̀lú rẹ ṣì jọ wà nídìí tèmi nìyẹn."

Mi ò sùn dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọgbọ́n dá. Àgbò ńlá tí wọ́n ń tà nígbà tí ọdún bá ku fẹ́ẹ́fẹ́ ò ṣeé sún mọ́. Torí náà, mo ní kí ọkọ mi bá mi ra kékeré nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, kí n máa bọ́ ọ. Ó lọ rí ọ̀kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Àtàn. Kí n má parọ́, ó burú. Ìwo rẹ̀ kan wo iwájú, èkejì wo ẹ̀yìn, ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Nígbà tí a mú un wọlé, Ìyá Olóbì yí i po, ó ní, "Ṣé àgbò nìyí àbí ológbò?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Oúnjẹ ẹran ń kọ́? Mi ò ní owó tí wọ́n ń fi rà á. Ni mo bá tú àgbò mi sílẹ̀. Ilé gbogbo ló ń da èèpo sẹ́yìn ilé ìdáná, kò sì sí ògiri. Kò pẹ́ rárá tó fi mọ ọ̀nà. Tó bá jí, ilé Ìyá Ológì ló ń kọ́kọ́ lọ, níbi tí èèrí ọ̀gì wà. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di ilé Bàbá Kápẹ́ńtà, níbi tí ìyàwó ti ń bẹ iṣu. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó di ilé Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í tán. Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í kí ẹnikẹ́ni, á kàn wọlé, á yẹ gbogbo abọ́ wò, á jáde. Ni àdúgbò bá sọ ọ́ ní Wolé-wolé.

Ẹ̀yin ò mọ wolé-wolé. Òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ni, tó ń wọ ilé onílé láti wo ìkòkò omi bóyá tanwíjí tó ń di ẹ̀fọn wà níbẹ̀. Tó bá rí i, ẹ ti dáràn nìyẹn. Ẹran tó bá ń rìn kiri náà, ó lè mú un. Tí ẹnì kan bá ti fọn ún lókèèrè pé wolé-wolé ń bọ̀, omi tí a fi agbára pọn lódò la ó máa dà nù. Ó ti rí tanwíjí nínú ìkòkò Ìyá Olóbì nígbà kan, Ìyá ò sì dárí jì í. Ó ní òun mọ tanwíjí òun, pé ọkùnrin yẹn ló mú tirẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àgbò. Ó sanra! Nígbà tí òjò fi máa dáwọ́ dúró, ọrùn rẹ̀ ti ki, ìdí rẹ̀ ti ń mì tó bá ń rìn. Inú mi dùn, mo ń tọ́jú ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ sínú igbá, agolo mílíìkì kan lọ́jọ́ ọjà kan, ìyá mi fi epo ránṣẹ́ láti oko, ata sì wà lẹ́yìnkùnlé. Mo rò pé ọ̀fẹ́ ni mò ń rí. Ohun tí mo gbàgbé ni pé nílùú wa, ẹran ọ̀sìn kì í ṣe ti ẹni tó rà á nìkan. Ẹni tó bá bá ọ sìn ín ní ìpín nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́, ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Èmi tí mò ń fọgbọ́n ṣọ́ owó ná ni kò wá sí lọ́kàn.

Ọjọ́ tí ọdún ku ọ̀la ni wọ́n ní kí n so àgbò mọ́lẹ̀. Okùn kan ṣoṣo tó wà nílé, ti kànga ni. Mo ní ṣé torí ọjọ́ kan ni mo ṣe máa ra okùn? Mo fi ọ̀já àtijọ́ kan so ó mọ́ òpó. Láàárọ̀ ọdún, àwọn ọkùnrin wọ aṣọ funfun, wọ́n gba Yídì lọ. Bàbá àgbà yín ní, "Kí n tó dé, kí ọ̀bẹ ti mú o." Mo ní ó ti mú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ata. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ìdajì ọ̀já ló ń fì lára òpó, ìdajì kejì ti bá àgbò lọ.

Ìyá Olóbì ń wé gèlè nínú yàrá. Ó ní, "Ìyàwó, mi ò gbọ́ ohùn àgbò."

Mo ní, "Ó ń sinmi ni, mà."

Ni mo bá gbá yẹ̀rì mi mú, tòun ti ata lọ́wọ́, ó di eré.

Ìyá Ológì ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń sẹ́ ọ̀gì. Ó ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ó lá èèrí rẹ̀ tán, ó gbọn ìrù."

"Ọ̀nà ibo ló gbà, mà?"

Ó fún ọ̀gì, ó tún un fún. "Ìyàwó, látìgbà òjò, ta ló ń fún àgbò yìí léèrí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Itan ọ̀tún ni tèmi. Mo ti fi ẹ̀kọ tí mo máa fi jẹ ẹ́ pamọ́."

Kí n tó ronú, mo ti sọ ọ́: "Ó ti di tiyín, mà. Ọ̀nà ibo?" Ó wá nawọ́ sí ilé kápẹ́ńtà.

Ẹsẹ̀ ń dun Bàbá Kápẹ́ńtà, kò lè rìn dé Yídì. Ó nà án sórí àga, ó ń wo ọpọ́n onígi kan tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, tó gbófo. Ó ní, "O rí ọpọ́n yìí? Pákó gidi ni mo fi ṣe é fún un. Àgbò wo ló ń jẹun nínú pákó gidi ní Ọ̀tà yìí? Òun náà ló jẹun tán láìpẹ́ yìí." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ọ̀nà ibo. Ó ní, "Itan ọ̀tún."

Mo ní, "Bàbá, ṣé ti òsì ò lè ṣe é?"

Ó mi orí. "Ẹ̀gbẹ́ òsì ló máa ń fi sùn tó bá jẹun tán níbí. Mò ń ṣọ́ ọ. Ẹran ẹ̀gbẹ́ yẹn á ti le." Ohùn takbir, "Allāhu Akbar," ti ń dún láti apá Yídì. Wọ́n ti ń kírun lọ́wọ́ nìyẹn. Mo ní, "Ó ti di tiyín, Bàbá." Ó ní ilé Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n gbà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ń rẹ́rìn-ín kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ìyàwó, ẹ kú ọdún o! Mo ti bá ọ so rìbọ́nì pupa mọ́ ọn lọ́rùn, ó dà bí ọmọge." Mo ní ẹ ṣeun, mà. Ó ní kí n má gbàgbé pé èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ òun ló jẹ́ kí irun rẹ̀ máa dán. Ó ní itan ọ̀tún ni òun ń retí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì náà ń jẹ Iléyá?"

"Kérésì tó kọjá, ta ló fi ìka nu abọ́ ìrẹsì mi?"

Bàbá àgbà yín ni. Ẹ ronú sí ọ̀rọ̀ mi. Itan ọ̀tún kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá mọ́ àgbò, mo ti fún ènìyàn méjì, ìkẹta rèé. Àti pé nínú ilé wa, kí wọ́n tó bí mi ni itan ọ̀tún àgbò Iléyá ti jẹ́ ti Ìyá Olóbì, kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ mi lẹ́nu ṣá. Mo ní, "Ó ti di tiyín, mà."

"Ọlọ́run á bùkún fún ọ. Ilé wolé-wolé ló wọ̀ yẹn."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ilé wolé-wolé, wolé-wolé gan-an, ni ilé kan ṣoṣo tó lọ́gbà ní àdúgbò wa. Ọ̀pá oparun ló fi ṣe é, wọ́n kun òkúta ẹnu ọ̀nà ní ẹfun. Kì í ṣe ọmọ Ọ̀tà, ìyàwó rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn nílùú wọn, òun nìkan ló ń gbé. Tó bá ti mú àgbò mi, mo ti pàdánù àgbò, mo ti pàdánù ọdún, ààrò mi sì ti dàlá. Mo yọ́ lọ sẹ́bàá ọgbà, mo fi ojú kan yọjú.

Ẹ gbọ́ o. Wolé-wolé jókòó sórí àpótí tòun ti kakí rẹ̀, ó ń bu búrẹ́dì, ó ń fi ọwọ́ fi í sẹ́nu àgbò. Ó ń bá a sọ̀rọ̀! Ó ní, "Jẹ ẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló so nǹkan pupa yìí mọ́ ọ lọ́rùn? Ó yẹ ọ́."

Ẹsẹ̀ mi tẹ igi gbígbẹ. Ọkùnrin náà fò dìde, ó dé fìlà, ó fi búrẹ́dì pamọ́ sẹ́yìn, ó wá gbin bí ẹkùn: "Ẹran ta nìyí? Ẹran tó ń rìn kiri lòdì sófin!" Àgbò ò mọ òfin. Ó yí ọkùnrin náà po, ó ń wá búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí síbí, àgbò yí tẹ̀lé e. Ó yí sọ́hùn-ún, àgbò bá a débẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ni mo rí lẹ́nu. Mo yára fọwọ́ bojú kó má baà rí i, mo sì gbàgbé pé ata wà lọ́wọ́ mi. Yéè! Omijé dà bí òjò.

Wolé-wolé rò pé ẹkún ni mò ń sun. Ohùn rẹ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Má sunkún, ìyàwó. Mi ò ní mú un."

Ojú ń ta mí, mo ṣì gbìyànjú. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ṣé itan ọ̀tún lẹ̀yin náà fẹ́ ni?"

Ó ní, "Itan kẹ̀?" Ó fi búrẹ́dì tó kù fún àgbò, ó gbójú sí ibòmíì. "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Ọ̀tà yìí. Ibi tí mo bá yà sí, wọn a gbé ọmọ wọn sá. Àgbò yìí nìkan ló ń wọlé tọ̀ mí wá." Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé… ṣé ẹ lè pè mí wá jẹun?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé ata kúrò lọ́rọ̀ mi. Ọkùnrin tí gbogbo wa ń sá fún bí ìgbóná, ebi ilé ènìyàn ló ń pa á. Mo ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yín, sà. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Ẹ mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n bá gbà lọ sí Yídì kọ́ ni wọ́n ń gbà bọ̀. Mo ti rò ó pé mi ò ní pàdé wọn. Mo gbàgbé pé ọ̀nà tí wọn kò gbà lọ ni mo wà. Bí a ṣe yọ sí gbangba, ni gbogbo ọkùnrin àdúgbò wa yọ pẹ̀lú takbir. Wọ́n rí mi, ojú mi pọ́n, omijé ń ṣàn. Wọ́n rí àgbò tòun ti rìbọ́nì. Wọ́n rí wolé-wolé lẹ́yìn wa nínú kakí. Takbir já lẹ́nu wọn. Ẹní ìkírun bọ́ lọ́wọ́ bàbá àgbà yín. Ó ké pé, "Wọ́n ti mú ìyàwó mi lọ́jọ́ ọdún!" Ọ̀rọ̀ yẹn sáré ju àwa lọ. Lójú ọ̀nà, ilé tí a bá dé, ìró omi tí wọ́n ń dà nù là ń gbọ́, ṣàà, ṣàà. Kí a tó délé, wọ́n ti sọ fún Ìyá Olóbì pé wọ́n ń gbé mi lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Abẹ́òkúta. Ó ti jáde, gèlè rẹ̀ ò tíì wé tán, ó kó obì sọ́wọ́ láti fi bẹ̀bẹ̀ fún mi, obì tí kòkòrò ò jẹ. Ẹni tó ń nawọ́ sí iyọ̀ lórí ọbẹ̀ mi nìyẹn! Mo rí obì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹkún gidi wá gbọ̀n mí.

Mo ní, "Ìyá, wọn ò mú mi. Àlejò wa ni."

Wọ́n pa àgbò. Bí wọ́n ṣe ń bó o lọ́wọ́, Ìyá Ológì wọlé tòun ti abọ́. Bàbá Kápẹ́ńtà ń tiro bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé abọ́ tirẹ̀ há abíyá. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì gbé àwo tánganran tó ní ìdérí. Wọ́n kí ara wọn kú ọdún tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì lọ dúró sí apá ọ̀tún àgbò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Ìyá Ológì ní, "Itan mi ni mo wá gbà." Kápẹ́ńtà ní, "Èwo ni itan yín?" Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n má bínú, itan òun ni wọ́n dì mú yẹn.

Ìyá Olóbì yí ojú sí mi. "Ìyàwó, itan ọ̀tún mélòó ni àgbò rẹ ní?"

Mo kúnlẹ̀. Mo rí ẹ̀gbẹ́ kànga lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ààrò mi ì bá wà. Mo ní, "Mẹ́rin ni, Ìyá, pẹ̀lú tiyín. Àwọn ni wọ́n bá mi bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó máa gbé itan lọ sílé. Gbogbo ẹran náà máa wọ inú ìkòkò kan, a ó gé e wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá ní itan níbẹ̀, kó jókòó síbí kó jẹ ẹ́."

Wọ́n rò ó wò. Ìyá Ológì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé níbí lòun ti máa jẹ ẹ́, kò yẹ kí òun jókòó lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n lọ kó ẹ̀kọ òun wá. Wọ́n kó o dé, agbọ̀n kan ni. Bàbá Kápẹ́ńtà rán ìyàwó rẹ̀ lọ gbé àga àti iṣu. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bí ẹni tí inú ń bí, ó bá tirẹ̀ lọ, ó sì padà dé pẹ̀lú ìrẹsì tó ń fi pamọ́ de Kérésì. Ó ní, "Kérésì á tọ́jú ara rẹ̀." Ìgbà tí Akọ̀wé bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bọ́ọ́lẹ̀kájà, òun àti aya rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tí kò sọ fún wa pé òun ń mú bọ̀, oúnjẹ ti pọ̀ ju ilé lọ. Ìrẹsì mi tó wà nínú igbá, ọ̀sẹ̀ kejì la tó sè é.

Wolé-wolé dìde láàárín ìjẹun, ó gba ìdí ìkòkò omi lọ. Gbogbo ẹnu dúró. Ìyá Olóbì gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin náà ṣí ìkòkò, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, bó ṣe ń ṣe. Ó wá ki ife bọ̀ ọ́, ó bù ú, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. Ìyá Olóbì rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Látọjọ́ náà, tí ọkùnrin yẹn bá ń bọ̀ ní àdúgbò wa, wọn a máa kí i, wọn a sì máa rọra bo tanwíjí wọn.

Gbogbo wọn ló lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú. Ìyá Ológì ní òun jẹ itan ọ̀tún, ó yàtọ̀ lẹ́nu. Bàbá Kápẹ́ńtà ní òun ti sọ ọ́, ti òsì ì bá ti le. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lòun ń gbọ́ nínú adùn rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, mo ń fọ abọ́ lẹ́bàá kànga, mo gbọ́ ohun tó ró gbì. Ìyá Olóbì ni. Òkúta ló sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó lọ, ó tún gbé òmíràn dé. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó lé mi sẹ́yìn. Ó gbé ìkẹta kalẹ̀, ó na ẹ̀yìn, ó ní, "Dáná." Mo ń fẹ́ ẹ, iná ò tètè ràn. Ìgbà tó ràn, ó fa nǹkan kan tó fi ewé dì jáde láti abẹ́ ìró rẹ̀, ó tú u. Itan ni, odidi. Ọ̀tún ni.

Mo ní, "Ìyá! Ṣebí gbogbo rẹ̀ la gé sínú ìkòkò?"

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ? Èmi ni mo di ọ̀bẹ mú. Ẹni tó bá ni ààrò ló ni ín." Ó jókòó tì mí títí ó fi jiná. Ó tọ́ omi rẹ̀ wò. Kò gbójú sókè, kò nawọ́ sí iyọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣe Iléyá wa látọdún náà lọ títí àwọn òbí yín fi dàgbà tí wọ́n kó wá sẹ́yìn géètì. Kò sí ọdún tí oúnjẹ ò tó. Ẹ̀yin lówó jù wá lọ, ẹ̀ ń sọ fún mi pé ọwọ́ ò tó o. Àgbò yín kò ní itan ọ̀tún ju ẹyọ kan lọ, ìdí nìyẹn.

Ó dáa, Tàófíìkì, o lè lọ wo ẹ̀yìn ilé wàyí. Kò sí níbẹ̀. Má pariwo. Kí ẹ tó jí láàárọ̀ ni mo tú u, mo fà á lọ sí ilé kan ní òpópónà yìí. Ó pẹ́ tí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi ti ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò mọ orúkọ yín, ẹ ò mọ tirẹ̀, ó sì ń fún un ní èèpo iṣu bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Mi ò ní sọ ilé tó jẹ́. Ẹ wọ bàtà yín, ẹ ṣí géètì yẹn, ẹ máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Ẹni tó bá sì bi yín léèrè itan ọ̀tún, ẹ ní ó ti di tirẹ̀.